Bàbá Aláàwẹ̀ Tó Ń Jẹ Wàrà Lọ́sàn-án

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, bí ẹ bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ rín in. Ìyàwó mi ti rín tirẹ̀, àna mi ti rín tirẹ̀, gbogbo àdúgbò wa ní Ṣàngó ti rín tiwọn. Ohun kan ṣoṣo tí mo bẹ̀ yín ni pé bí ọkùnrin kan bá wà láàrin yín tí ìtìjú kò jẹ́ kó lè bá ìyàwó rẹ̀ sọ òótọ́, kó ka ọ̀rọ̀ mi dé òpin kó tó fi ìwé yìí di ẹ̀pà.

Àbdùlkàdírì ni orúkọ mi. Tíṣà ni mí, iṣẹ́ àgbẹ̀ ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan lẹ́yìn ìlú Ìlọrin. Ọmọ mẹ́ta ni mo bí, Hadiza ni àkọ́bí. Oúnjẹ ni mo sì fẹ́ràn jù láyé.

Àna mi, Alfa Yàkúbù, ìmáàmù mọ́sálásí àdúgbò wa, mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo lọ tọrọ Hàlímọ̀tù lọ́wọ́ rẹ̀, ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, "Ọmọ yìí, ọ̀nà ilé oúnjẹ yé ọ ju ọ̀nà mọ́sálásí lọ." Ó fún mi níyàwó, ṣùgbọ́n láti ọdún mẹ́rìnlá ni Hàlímọ̀tù ti ń wá ohun tí yóò fi han bàbá rẹ̀ pé òun kò ṣì ọkọ fẹ́.

Bí nǹkan ṣe le sí, n kò ní í fi dá yín lágara. Ẹ̀yin náà ń lọ sọ́jà. Lọ́jọ́ kan mo yọjú wo inú àpò gààrí wa, mo rí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó yẹ kí n pe ìyàwó mi kí n sọ fún un pé kò sí. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni. Wọ́n kọ̀, wọn ò jáde lẹ́nu mi.

Dípò bẹ́ẹ̀, mo wú ikọ́.

"Ìyá Hadiza," ni mo wí, "mo ti ń ronú nípa ọ̀run."

"Ọ̀run kẹ̀? Ṣé ara yín ò yá ni?"

"Ara mi le. Mo kàn rí i pé àwa Mùsùlùmí òde òní ti fi sùnnà sílẹ̀ ni. Ànábì máa ń gba ààwẹ̀ lọ́jọ́ Àtìní àti ọjọ́ Àlàmísì. Jẹ́ kí àwa náà máa gbà á lọ́jọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀ nínú ilé yìí. Àwọn ọmọ á máa jẹun ní tiwọn. Èmi pẹ̀lú rẹ ni mo ń sọ."

Ó wò mí dáadáa. Ó ní, "Ó dáa, Bàbá Hadiza. A ó jọ gbà á." Ló bá gbé fóònù, ó pe bàbá rẹ̀.

Kò tíì dé aago mọ́kànlá lọ́jọ́ Ajé àkọ́kọ́ tí mo ti kábàámọ̀. Iṣu ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ lọ́jọ́ náà. Mo ya iṣu sára pátákó, mo ya ewé rẹ̀, mo ya ebè rẹ̀, àfi bí ọmọ kan ṣe ní, "Tíṣà, ẹ ti dákẹ́ o." Mo ti dákẹ́ lóòótọ́. Iṣu ni mo ń wò.

Nígbà náà ni afẹ́fẹ́ fẹ́. Gáà àwọn Fúlàní kan wà lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ wa, obìnrin kan tó ń jẹ́ Talatu sì ń ṣe wàrà níbẹ̀. Láàárọ̀ ló ń da omi ewé bọmubọmu sí mílíìkì màlúù lórí iná títí yóò fi dì. Lọ́sàn-án ló ń dín in, kó tó gbé e lọ sí ọjà Ìpàta ní ìrọ̀lẹ́. Òróró gbígbóná, wàrà, ata gígún. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ òórùn yẹn, ẹ máa dúpẹ́.

Mo sọ fún ara mi pé n kàn fẹ́ lọ wò ó ni. Tíṣà iṣẹ́ àgbẹ̀ ni mí, màlúù wà lára iṣẹ́ mi.

Bí mo ṣe dé ẹnu ọ̀nà gáà, mo bọ́ fìlà mi, mo tì í bọ àpò. Títí dòní n kò mọ ìdí tí mo fi ṣe é. Ààwẹ̀ nàfílà ni, kì í ṣe dandan. Kò sí ẹni tó máa bi Mùsùlùmí léèrè ìdí tó fi ń jẹ wàrà lọ́jọ́ Ajé. Ṣùgbọ́n ọkàn ẹni tó ń ṣe nǹkan ní kọ̀rọ̀ kì í balẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀," ni Talatu wí. "Ṣé ilé ẹ̀kọ́ yẹn lẹ ti wá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Túndé ni orúkọ mi. Ará Ọ̀mù-Àrán ni mí. Kìrìsìtẹ́nì ni wá nílé wa."

Ó wò mí. Kò sì bi mí ní ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

"Ó dáa," ló wí. "Mélòó ni kí n bá yín mú?"

Mo jẹ mẹ́rin. Mo mu omi wàrà lé e. Owó kẹ̀kẹ́ mi ni mo fi rà á, nítorí náà ẹsẹ̀ ni mo fi rìn délé. Nígbà tí n ó fi dé Ṣàngó, òógùn ti bò mí, eruku ti kùn mí dé orúnkún. Hàlímọ̀tù sáré pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ wo bí ààwẹ̀ ṣe gbẹ yín! Ẹ jókòó, ẹ jókòó."

Ó ń fi etí ìborùn rẹ̀ fẹ́ mi. Ètè òun alára ti gbẹ, ó sì ń fẹ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́, àánú ara mi ṣe mí. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà pé ebi ń pa mí.

Ó wá di bárakú. Ní gbogbo ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀, bí aago bá ti lù fún ìsinmi, fìlà á wọ àpò, Àbdùlkàdírì á di Túndé. Mo tilẹ̀ ń gba ẹ̀gbẹ́ ọgbà ewúrẹ́ ilé ẹ̀kọ́ kọjá kí àwọn tíṣà yòókù má baà rí mi. Bí ilẹ̀ bá ṣú díẹ̀ nílé, èmi náà á bá ìyàwó mi jókòó ti ife omi, a ó jọ máa retí kí ládánì pe ìrun, ojú mi á rẹ̀wẹ̀sì ju tirẹ̀ lọ.

Ohun tó sọ mí di olókìkí ni adìẹ.

Títílayọ̀, aládùúgbò wa, ará Ọ̀mù-Àrán gidi, ló gbé adìẹ sábẹ́ abíyá wá bá mi ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan. "Bàbá Hadiza, ẹ má bínú. Adìẹ yìí ti ń jẹ àgbàdo mi láti oṣù méjì, kò yé ẹyin kan. Èmi àti pásítọ̀ ti gbàdúrà sí i títí. Wọ́n ní àdúrà ẹni tó bá ń gbààwẹ̀ kì í padà lófo."

Kí ni n bá sọ? Mo gbé ọwọ́ lé adìẹ lórí. Mo ka èyí tó wá sí mi lọ́kàn, mo fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i lójú. Ata wàrà ṣì wà lẹ́nu mi. Adìẹ náà sín.

Lọ́jọ́ kejì, ó yé ẹyin. Lọ́jọ́ kẹta, ó tún yé.

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, Bàbá Aláàwẹ̀ ni wọ́n ń pè mí láti ìbẹ̀rẹ̀ òpópónà wa dé ìparí rẹ̀. Wọ́n ń gbé ọmọ tó ń sunkún wá. Wọ́n ń gbé ẹ̀rọ ìránṣọ wá. Ẹnìkan gbé jẹnẹrétọ̀ wá, mo fẹ́ atẹ́gùn sí òun náà, ṣùgbọ́n kò ṣiṣẹ́, ẹni tó gbé e wá ní bóyá epo ni kò sí nínú rẹ̀.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, Alfa Yàkúbù fi ọwọ́ pè mí láti ẹ̀yìn mọ́sálásí wá sí ìlà iwájú. Ó sún, ó fi ibi kan sílẹ̀ fún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Jókòó síbí, ọmọ mi," ló wí. Láti ọdún mẹ́rìnlá, kò pè mí lọ́mọ rẹ̀ rí. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Hàlímọ̀tù, ó da ìborùn bojú, ó sunkún ayọ̀. Ó ní kò sí ohun tí òun tún ń wá láyé mọ́.

Ó yẹ kí n jáwọ́ níbẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ó yẹ.

Ọ̀sán Sátidé kan, Hàlímọ̀tù ń fọ aṣọ, ó gbé kafutánì mi dání, ó wá dúró níwájú mi.

"Bàbá Hadiza, òróró wà láyà aṣọ yìí. Èyí tí ẹ wọ̀ lọ́jọ́ Àlàmísì ni."

"Irùngbọ̀n Bàbá náà máa ń rùn wàrà," ni Hadiza fi kún un. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni, imú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí tèmi.

"Iṣẹ́ ni," ni mo wí. "À ń kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń sọ mílíìkì di wàrà. Èmi ni mo ń dín in kí wọ́n lè rí i."

"Kíláàsì wo?" ni Hadiza béèrè.

"Gbogbo kíláàsì!"

Hàlímọ̀tù ṣáà ń wo òróró náà. Wíwò rẹ̀ yẹn ló kó mi láyà jẹ, ni mo bá la ẹnu mi tí kò mọ ibi tó yẹ kó dúró. "Wàláhì," ni mo wí, "láti òní títí Ràmàdáánì yóò fi dé, nǹkan kan kò ní í kan ẹnu mi lọ́sàn-án ọjọ́ Àtìní àti Àlàmísì. Wàláhì, tàláhì!"

"Ta ló ní kí ẹ búra?" ló bi mí. Ó gbé aṣọ náà, ó padà sídìí ọpọ́n.

Ẹ gbà mí gbọ́, mo fẹ́ mú ìbúra yẹn ṣẹ. Lọ́jọ́ Ajé, mo fi òwú di ihò imú mi méjèèjì wọ kíláàsì. Ọmọ kan ní, "Tíṣà, ṣé wọ́n fẹ́ sin yín ni?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo fara dà á. Ọjọ́ Ajé kọjá, n kò jẹ nǹkan kan.

Ọjọ́bọ̀ ni Talatu fúnra rẹ̀ wá sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà.

"Tíṣà Túndé! A ò rí yín lọ́jọ́ Àtìní! Ṣé kò sí nǹkan o? Ẹ wá tọ́ eléyìí wò, mo fi àlùbọ́sà sí i."

Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Mo ní kí n tọ́ ọ wò lásán. Ata nìkan, mo lè kọ̀ ọ́. Àlùbọ́sà ló mú mi. Nígbà tí mo fi rántí ìbúra mi, mo ti ń lá ọwọ́.

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí Ràmàdáánì dé, Alfa Yàkúbù ní òun ní ìmọ̀ràn. Ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, kí àwọn ará mọ́sálásí wá ṣínu ní iwájú ilé wa, kí oníkálukú gbé díẹ̀ tó bá ní wá, kí èmi sì ṣe wáàsí kékeré.

"Lórí kí ni, Bàbá?" ni mo bi í.

"Lórí sùúrù nígbà tí ebi bá ń pa ènìyàn. Ta ló tún mọ̀ ọ́n jù ọ́ lọ?"

Ọjọ́ náà pé. Wọ́n tẹ́ ẹní kún ojúde wa. Títílayọ̀ náà gbé àga rẹ̀ wá, ó ní òun kò lè má gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹni tó gba adìẹ òun là. Hàlímọ̀tù wọ lẹ́ẹ̀sì tó fi ṣe yìgì, ó jókòó sí iwájú àwọn obìnrin. Bàbá rẹ̀ ń mi orí sí gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo bá sọ. Kí n má purọ́, mo ń sọ̀rọ̀ dáadáa. Mo ti jẹ wàrà márùn-ún lọ́sàn-án, agbára wà nínú mi.

"Ẹ̀yin ará," ni mo wí, "ebi dà bí àlejò. Bí o bá ti mọ̀ ọ́n gbà, yóò..."

"Ẹ kú ìjókòó o!"

Obìnrin kan ló ń bọ̀, ó ru igbá. Hàlímọ̀tù dìde. "Oníwàrà mi ti ọjà Ìpàta ni," ló sọ fún wọn. "Mo ní kó bá wa gbé díẹ̀ wá fún ìṣínu."

Igbá kúrò lórí, mo rí ojú tó wà lábẹ́ rẹ̀. Talatu ni.

Mo fa fìlà mi wá sí iwájú títí ó fi bo ìpéǹpéjú mi. Kò ràn mí lọ́wọ́.

"Ha! Tíṣà Túndé!" Inú rẹ̀ dùn, ó pàtẹ́wọ́. "Ẹ̀yin náà wà níbí?"

"Arábìnrin, ẹ ti ṣì mí mú."

"Èmi? Ẹnu tó ń jẹ wàrà mi ní gbogbo Àtìní àti Àlàmísì láti oṣù mẹ́rin? Ṣebí mo bi yín lọ́sàn-án yìí bóyá kí n fi kún un, ẹ ní márùn-ún ti tó yín." Ó yíjú sí Alfa Yàkúbù, ó kúnlẹ̀ kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. "Alfa, ẹ ṣé tí ẹ pe Tíṣà. Kìrìsìtẹ́nì tó dáa ni." Ó wá tún bá mi sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń kọ́ àlejò: "Ẹ ní sùúrù o, Tíṣà. Ẹ jẹ́ kí àwọn Mùsùlùmí kọ́kọ́ ṣínu kí ẹ tó máa jẹ ní tiyín."

Gbogbo ojúde yíjú sí mi.

Títílayọ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Túndé kẹ̀? Níbo ni wọ́n ti ń jẹ́ Túndé nínú ilé yìí?"

"Ará Ọ̀mù-Àrán ni," ni Talatu dá a lóhùn.

"Ará ibo?" Títílayọ̀ dìde lórí àga. "Bàbá Hadiza, ọmọ agboolé wo ni yín ní Ọ̀mù-Àrán?"

Mo ní kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì. Ilẹ̀ Ṣàngó le. Ibì kan láàrin àwọn ọkùnrin ni ẹ̀rín ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ó wá gba ojúde kan, kódà ládánì tó yẹ kó lọ pe ìrun ń nu omijé ẹ̀rín. Èèyàn méjì ni kò rẹ́rìn-ín. Alfa Yàkúbù ń wo ilẹ̀. Hàlímọ̀tù ń wo bàbá rẹ̀.

Ìyẹn ló pa mí. Ojú tó fi ń wo bàbá rẹ̀ dà bí ojú ọmọdé tí wọ́n gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá," ni mo wí, "ẹ jọ̀ọ́. Òótọ́ ni."

Alfa gbé orí sókè. "Ti ààwẹ̀ tí o kò gbà, ìwọ àti Ọlọ́run ni. Nàfílà ni. Àfi bí o bá búra sí i ló kù. Ṣé o búra?"

"Ó búra," ni Hàlímọ̀tù dáhùn. Ohùn rẹ̀ kò sókè. "Ó ní wàláhì, ó ní tàláhì, níwájú èmi àti ọmọ."

"Kàfárà, ìtánràn ìbúra tí o kò mú ṣẹ, ti dé nìyẹn. Kí o bọ́ tálákà mẹ́wàá tàbí kí o wọ̀ wọ́n láṣọ. Àfi bí o kò bá ní in ni kí o tó gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta."

"Màá gba ààwẹ̀," ni mo sáré wí.

"A kì í yàn án. Ẹni tó bá ní, dandan ni kó bọ́ wọn. Ṣé o ní in, àbí o kò ní?"

Gbogbo ẹ̀rín dúró. Mo wo àwọn ará àdúgbò mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo wo ìyàwó mi. Ọ̀rọ̀ méjì tí n kò lè sọ nínú iyàrá níwájú ẹnìkan ni wọ́n wá ní kí n sọ lójúde níwájú ogójì ènìyàn.

"Kò sí," ni mo wí.

"N kò gbọ́."

"Kò sí, Bàbá. Kò sí nǹkan nílé, ó ti pẹ́ tí kò ti sí. Ìdí tí mo fi dá ààwẹ̀ yìí sílẹ̀ nìyẹn. N kò ronú ọ̀run kankan. Gààrí ni mo ń rò."

Mo retí kí Hàlímọ̀tù pariwo. Kò pariwo.

"Mo mọ̀ pé kò sí," ló wí. "Ta ló ń bu gààrí nínú àpò yẹn? Ṣé ẹ rò pé ojú mi fọ́ ni? Láti ọjọ́ tí ẹ ti dárúkọ ọ̀run ni mo ti mọ̀. Mo ní ọkọ mi kò fẹ́ kí ojú ti òun, kí n bá a gbé e. Mo rò pé àwa méjèèjì la jọ ń gbé ebi náà, Bàbá Hadiza. N kò mọ̀ pé èmi nìkan ni."

Ẹ̀yin òǹkàwé, wọ́n ti nà mí rí nílé kéú, wọ́n ti já mi sílẹ̀ nídìí ìdánwò rí. Kò sí èyí tó dùn mí tó ọ̀rọ̀ yẹn.

Mo gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta náà. Lọ́jọ́ kẹta, mo yọjú sí gáà ní ọ̀sán, mo ní n kàn fẹ́ kí Talatu ni. Igi ìdáná ló fi lé mi. "Ẹ padà síbi iṣẹ́ yín, Màálàmù. Ẹ̀yin àti Túndé, kò sí èyí tí mo fẹ́ rí títí di ọ̀la!" Mo fẹsẹ̀ rìn délé, lọ́tẹ̀ yìí kò sí wàrà nínú mi. Nígbà tí mo dé ojúde wa, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo fi ẹ̀yìn ti ògiri.

Hàlímọ̀tù kò fi ìborùn fẹ́ mi. Ó jókòó tì mí.

"Ṣé ebi ń pa yín?"

"Ó ń pa mí."

"Báwo ló ṣe rí?"

"Ó ń dunni," ni mo wí. "Ó ń dunni gan-an ni, Hàlímọ̀tù. Má bínú."

Kò dá mi lóhùn lọ́jọ́ náà. Alfa kò tíì pè mí padà sí ìlà iwájú, kò sì pè mí lọ́mọ rẹ̀ mọ́ títí di bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí. Títílayọ̀ ń kí mi ní "Ọmọ Ọ̀mù-Àrán" bí mo bá ń kọjá. Gbogbo rẹ̀ tọ́ sí mi. Ọkùnrin tó bá ń fi ẹ̀sìn bo àìní mọ́lẹ̀ nílé, ìyàwó rẹ̀ ló ń jẹ ìyà rẹ̀, ìyàwó náà sì mọ̀.

Lẹ́yìn Ràmàdáánì, àpò gààrí tún gbẹ. Ọjọ́ Ajé ni. Mo lọ bá Hàlímọ̀tù nídìí ààrò. N kò wú ikọ́.

"Ìyá Hadiza, kò sí."

Ó yí padà wò mí. Ó ní, "Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká wá nǹkan ṣe."

Ó wá ọ̀dùnkún mẹ́rin rí nísàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀, ó sè é. A gbé àwo kan sílẹ̀ lójúde ní ọ̀sán gangan, ẹni tó bá ń kọjá lè wò wá. Ọ̀dùnkún mẹ́rin ni, àwa márùn-ún ni. Èmi ni mo pín in, ìyàwó mi ni mo kọ́kọ́ fún.